Oore Nọ́ọ̀sì Rivers

Bí ó bá jẹ́ ìkíni, ìrànlọ́wọ́ àti ìbánikẹ́dùn nìkan la fi ń mọ ọmọlúàbí, Eunice Rivers yege. Láti 1932 ni nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú yìí ti ń fi mọ́tò gbé àwọn àgbẹ̀ agbègbè Macon, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó mọ ilé wọn, ó mọ ará ilé wọn. Bí ọ̀kan bá kú, ó ń bá wọn débi ìsìnkú.

Ibi tó ń gbé wọn lọ lọ̀rọ̀ wà.

Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ ló kó 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú jọ. 399 nínú wọn ló ní àrùn sífílíìsì. Wọn ò sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ yín ni kò dáa, ni wọ́n ń wí. Ohun tí àwọn dókítà fẹ́ rí ni bí àrùn náà ṣe ń ba ara jẹ́ títí dójú ikú. Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì ṣèlérí owó ìsìnkú bí ẹbí bá gbà kí wọ́n la òkú wò. Lẹ́tà kan pè wọ́n wá gba àkànṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Wọ́n débẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kì bọ̀ wọ́n lẹ́gungun ẹ̀yìn láti fa omi tí wọ́n fẹ́ lọ yẹ̀ wò. Ìtọ́jú dà?

Nígbà tó fi máa di 1947, pẹnisílíìnì ti di oògùn àrùn náà káàkiri. Wọn ò fún wọn.

Àwọn kan á ní abẹ́ àṣẹ ni Rivers wà. Lọ́dún àkọ́kọ́, bóyá. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ṣe é! Yorùbá ka inú rere mọ́ ìwà ọmọlúàbí, wọ́n ka òótọ́ mọ́ ọn. Rivers mú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Inú rere yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ náà fura.

Ẹni tó tú àṣírí náà kì í ṣe dókítà. Peter Buxtun, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìlera náà ní San Francisco, kọ̀wé ẹ̀hónú ní 1966. Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú: àwọn ọ̀gá pè é lọ sí Atlanta, wọ́n jágbe mọ́ ọn. Ó tún kọ òmíràn ní 1968. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ kan jókòó, wọ́n ní kí iṣẹ́ máa lọ. Ìgbà tó kó ìwé fún àwọn oníròyìn, tí Jean Heller lára wọn gbé e jáde ní July 1972, ni wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì ní 1997. Mẹ́jọ péré ló kù láyé nígbà náà nínú àwọn ọkùnrin náà. Dókítà kankan ò ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí.