Ẹja Ti Wà Lórí Iná Kí Wọ́n Tó Gúnlẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àìkú Àjíǹde, oríṣi èrò méjì ló máa ń pàdé lábẹ́ bíríìjì Sàngó Ọ̀tà. Èrò àkọ́kọ́ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà tí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà láyà rẹ̀. Wọ́n ń gbé kúlà omi, ìkòkò ìrẹsì àti ìlù sínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà, wọ́n ń lọ sí Gálílì. Èrò kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu iṣẹ́ òru bọ̀ láti àwọn fákítìrì tó wà káàkiri ọ̀nà Ìdírókò. Ìyẹ̀fun ohun tí wọ́n fi gbogbo òru rọ sínú àpò ṣì funfun ní ìpéǹpéjú wọn. Òwú tí ẹlòmíràn fi dí etí nítorí ariwo ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbàgbé láti yọ ọ́. Wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n fi àkàrà há a láàárín, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wá kórópè tí yóò gbé wọn délé kí wọ́n lè sùn díẹ̀, nítorí wọ́n tún gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu géètì lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ló dé tí Gálílì fi tọ́ sí àwọn kan, tí kò tọ́ sí àwọn kan? Òṣèlú wà nínú ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ti ẹ̀sìn ló ṣáájú, nítorí ohun tó ń bi wá ni pé kí ni ìsinmi gan-an: ṣé èrè tí èèyàn ń fi òógùn ojú rà ni, àbí ẹ̀tọ́ tó ti wà nínú ara kí ara tó ṣe iṣẹ́ kankan? Mo gbà pé ẹ̀tọ́ ni. Mo sì gbà pé àwa tí a sọ ọ́ di èrè la sọ òkun Ọlọ́run di ohun tí olówó nìkan ń lọ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí Gálílì fúnra rẹ̀. Kò sí Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá tó nílò àlàyé: ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ìjọ máa ń jáde lọ sí pápá, sí ọgbà, tàbí sí etíkun ní Badagry. Wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, àwọn ọmọdé á máa sá eré inú àpò, àwọn àgbà á jókòó ti ọpọ́n ayò. Orísun àṣà náà wà nínú Ìhìn Rere Mátíù, níbi tí Jésù ti rán àwọn obìnrin sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé Gálílì ni wọn yóò ti rí òun. Ohun tí a kì í sábà rántí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ létí omi nígbà tí wọ́n débẹ̀, èyí tó wà ní orí 21 nínú ìwé Jòhánù. Àwọn méje ló lọ pẹja. Wọ́n fi gbogbo òru ju àwọ̀n, wọn ò rí ẹyọ kan mú. Iṣẹ́ òru ni, iṣẹ́ òru tí kò tilẹ̀ mówó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnì kan dúró létí omi, ó ní kí wọ́n ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún, ẹja 153 sì kó sínú rẹ̀. Pétérù so ẹ̀wù mọ́ra, ó bẹ́ sómi. Orí ẹja 153 yẹn ni ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń dúró sí, wọ́n á fi wàásù ìbùkún àti àṣeyọrí. Ẹsẹ kẹsàn-án ló wù mí ká wò. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa àwọ̀n jáde, iná ẹyín ti wà nílẹ̀, ẹja ti wà lórí iná, búrẹ́dì sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹja orí iná yẹn kò sí lára 153. Jésù kò dúró kí ó mọ iye tí wọ́n pa kó tó dáná. Ẹ̀yìn tí wọ́n rí i pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀ ló wá ní kí wọ́n mú díẹ̀ wá nínú tiwọn, kí wọ́n sì wá jẹun. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ wà, èso iṣẹ́ wọn ló wá bá a níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé orí ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo kọ́lé lé, kó padà sí Jẹ́nẹ́sísì. Ọjọ́ kẹfà la dá ènìyàn, ọjọ́ keje ni Ọlọ́run sinmi. Ọjọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ fi odindi lò láyé, ọjọ́ ìsinmi ni. Kò tíì kọ ebè kan, kò tíì da ẹran kankan. Nígbà tí òfin Mósè dé, ìdí méjì ló fi lélẹ̀ fún ìsinmi náà. Ti Ẹ́kísódù ni pé Ọlọ́run sinmi. Ti Deutarónómì ni pé Ísírẹ́lì ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì, nítorí náà kí ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin ilé wọn sinmi bí àwọn olówó wọn ṣe ń sinmi. Màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá wà nínú òfin náà, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní kí a kọ́kọ́ wo ebè tí màlúù kọ. Ti Mùsùlùmí yàtọ̀ díẹ̀, kò sì yẹ ká fipá mú un bá ti Kristẹni dọ́gba. Al-Kùránì sọ pé àárẹ̀ kankan kò mú Ọlọ́hun nígbà tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀; Súrà Jímọ̀ ní kí a fi òwò sílẹ̀ nígbà ìpè, kí a sì fọ́n ká lọ wá oore Ọlọ́hun nígbà tí ìrun bá parí. Jímọ̀ kì í ṣe Sábáàtì. Síbẹ̀, nígbà tí Abdullahi ọmọ Amru ń gbààwẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi gbogbo òru dúró kírun, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò yìn ín. Ó sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ló pè é, kò pè é ní ẹ̀bùn. Oníṣẹ̀ṣe náà ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin rẹ̀, ti Ọbàtálá, ti Ifá, ti Ògún, ti Ṣàngó. Ọjọ́ òrìṣà yípo dé láìbéèrè bóyá ìkórè dára.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí ìsinmi ti gbówó lórí. Ní gúúsù Calabar, nínú òkun kan náà tó ń fọ ẹsẹ̀ Èkó, ni àwọn erékùṣù São Tomé àti Príncipe wà. Ẹni tó bá lówó á wọ bàálù lọ síbẹ̀. Láàárọ̀, ọkọ̀ ojú omi kékeré á gbé e lọ sídìí àpáta kan tí omi rẹ̀ mọ́ gaara. Á de awò onígíláàsì mọ́jú, á fi eyín há ọ̀pá roboto kan tí orí rẹ̀ yọ sókè omi kó lè máa mí, á sì dojú bolẹ̀ lé omi bí ewé. Kò lọ síbì kankan. Ẹja ló ń wò. Àwọn ẹja olómi aró ń gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, wọn ò mọ̀ bóyá owó ló fi wá tàbí gbèsè. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbọ́ ni èémí ara rẹ̀. N kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó rà dára, nítorí kì í ṣe ẹja ló rà: wákàtí kan tí kò sẹ́ni tó lè pè é níṣẹ́ ló rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ ń padà sí. Roça Sundy ní Príncipe, tó ti di hòtẹ́ẹ̀lì báyìí, ilé olóko kòkó ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni onímọ̀ ìràwọ̀ Arthur Eddington ti wo oòrùn tí òṣùpá bò lójú ní 29 May 1919, tí ohun tó rí sì ti ìmọ̀ Einstein lẹ́yìn. Ìtàn yẹn dùn-ún sọ fún àlejò. Èyí tí kò dùn-ún sọ ni pé wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní erékùṣù wọ̀nyí lórí ìwé ní 1875, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń kó àwọn ará Angola wá sínú oko kòkó lábẹ́ àdéhùn tí kì í jẹ́ kí wọ́n padà sílé mọ́. Oníròyìn Henry Nevinson tú u síta nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1906; ní 1909 ni Cadbury, Fry àti Rowntree jáwọ́ nínú ríra kòkó São Tomé. Lójoojúmọ́ ni ọmọ Angola yẹn ń rí òkun tí àlejò òní ń sanwó láti wò. Kò sí ọjọ́ kan tó jẹ́ tirẹ̀ láti fi wò ó. Bí ìsinmi ṣe ń di ọjà nìyẹn: a ó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ká tó rí i tà fún ẹlòmíràn.

Ẹnì kan á ní olówó tó ń náwó nírú ibẹ̀, tàbí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Victoria Island lọ jayé ọjọ́ kan ní Tarkwa Bay àti Ilashe, òun ló ń fún awakọ̀ àti alásè níṣẹ́. Òótọ́ ni, n kò sì bá olówó jà. Ẹni tó bá ní kí a fòfin de ìgbádùn, ọ̀nà ọ̀fun alásè ló ń dí. Àmọ́ èrò kan wà lábẹ́ àwíjàre yìí tó ti pẹ́ láyé. Aristotle gbà pé torí ìsinmi la ṣe ń ṣiṣẹ́, pé inú àkókò tó ṣófo ni ọgbọ́n ti ń hù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì ń lò fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ tí Òyìnbó fi ń pe ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ gidi. Ọkùnrin kan náà ló tún gbà pé ẹrú ni àwọn kan láti inú ìyá wọn wá, kí àwọn yòókù lè ráyè ronú. A ti fi ẹnu kọ apá kejì yìí sílẹ̀. Géètì fákítìrì kò tíì gbọ́.

Àtakò tó le jù, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Káṣúà tó ń gba owó ọjọ́ á bi mí pé ta ló sọ fún mi pé Gálílì ló ń wá. Ọjọ́ tí kò bá wọlé, kò sówó. Bí wọ́n bá fún un ní ìsinmi, ebi ni wọ́n fún un. Yóò tún rán mi létí ohun tí gbogbo wa kọ́ nínú Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ nípa iṣẹ́ ṣíṣe, àti ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Mo gbọ́. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó dúró kọ́. Ní ti ebi, ẹ̀rí tèmi ni káṣúà ń jẹ́: kò kọ ìsinmi, iye tí wọ́n dá lé e lórí ló pọ̀ jù fún un. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n gbé jáde ní 1974 sọ pé láàárín ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi ọjọ́ kan tí kò dín ní wákàtí 24. Pé tó bá ti pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán kó gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó rẹ̀ pípé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà kọ ọ́ ní 1948, nínú abala 24 ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pé ìsinmi àti ìnajú tọ́ sí gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọdún kan! Èyí tí kò tó nǹkan yìí náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé iléeṣẹ́, tó jẹ́ pé ìwé agbaṣẹ́ṣe ló wà, tí ọdún rẹ̀ kì í sì í pé nítorí pé wọ́n ń tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tèmi náà ní tiwọn. Wọ́n á ní ojúmọ́ kan tí a rí gbà, kí la fẹ́ lọ fi wo omi, nígbà tí ibi àdúrà ò jìnnà? Lóòótọ́, ìlú wo ló tún súnmọ́ pẹpẹ tó Ọ̀tà? Láti 1999 ni ilé ìjọsìn Faith Tabernacle tó ń gba 50,000 ènìyàn ti wà ní Canaanland níbẹ̀, èrò àpéjọ Shiloh wọn sì ń kún ọ̀nà Ìdírókò lóṣù December. N kò ní ká dín àdúrà kù. Ṣùgbọ́n ká sọ òtítọ́ fún ara wa: ìwé ẹ̀bẹ̀ gígùn ni púpọ̀ nínú wa ń gbé lọ, iṣẹ́, físà, ọmọ, ilé. Ẹni tó ń tọrọ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìsinmi ọjọ́ keje kò ní ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ó kàn ń wo ohun tí Ọlọ́run dá, ó ń sọ pé ó dára, bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti sọ. Kò sì yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Ọ̀tà, nítorí ìlú Àwórì ni. Ìtàn àwọn Àwórì ni pé Ògúnfúnminíre tọ àwo kan tó léfòó lórí odò Ògùn lẹ́yìn títí àwo fi rì; ibi tí orúkọ wọn ti jáde nìyẹn. Ẹni tó ń wo àwo lórí omi, kí lẹ fẹ́ pe iṣẹ́ rẹ̀?

Ọjọ́ Ajé ni Gálílì máa ń bọ́ sí, ọjọ́ tí ọlọ́jà ilẹ̀ wa kì í fẹ́ fi náwó láàárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ á wo ọjọ́ náà bí àdánù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì Àjíǹde wà nínú òfin ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè yìí, ọdún Iléyá náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n ti géètì, kí wọ́n san owó ọjọ́ náà fún káṣúà, àtẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe, bí wọ́n ṣe ń san án fún máníjà. Àyè ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Badagry.