Òpin Agbára Kọ́ Ni Òpin Ìwúlò: Àgbéyẹ̀wò Ìdílé Àwọn Lẹ́ńsì Leica

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti ń yẹ̀ wò láti ayé àwọn ará Gíríìsì àtijọ́: bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí agbára ohun kan ti tó, ṣé ibi tí agbára náà lè dé kí ó tó dópin ni yóò wò, tàbí iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe lójoojúmọ́? Ìbéèrè yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ènìyàn àti ẹ̀mí nìkan, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Leica, tí ó ṣẹ̀ ní ìlú Wetzlar lórílẹ̀-èdè Jámánì, ti fún un ní ìdáhùn tirẹ̀ nínú bí ó ṣe ń sọ lẹ́ńsì kámẹ́rà lórúkọ.

Lẹ́ńsì ni àkójọ gíláàsì tí ń darí ìmọ́lẹ̀ sínú kámẹ́rà; inú rẹ̀ ni ihò kan wà tí àwọn abẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí ká, tí ayàwòrán lè mú fẹ̀ tàbí kí ó fún un pọ̀. Lẹ́tà f àti nọ́ńbà kan ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n ihò náà, nọ́ńbà ọ̀hún sì ni èsì tí ó jáde bí a bá fi fífẹ̀ ihò pín gígùn ìfojúsùn lẹ́ńsì, èyíinì ni jíjìn tí lẹ́ńsì nílò láti kó ìtànṣán tí ó ti òkèèrè wá jọ sójú kan. Nítorí èyí, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ihò ń fẹ̀ sí i: lẹ́ńsì 50 mílímítà tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 25 jẹ́ f/2, f/1.4 sì ń gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí f/2 ń gbà.

Lórí òpin fífẹ̀ yìí ni Leica gbé ìdílé àwọn lẹ́ńsì rẹ̀ kalẹ̀. Noctilux, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1966 pẹ̀lú f/1.2, ni ó ṣáájú wọn ní fífẹ̀. Summilux jẹ́ f/1.4, Summicron jẹ́ f/2, Elmarit jẹ́ f/2.8, Elmar, tí ó ti wà láti àárín àwọn ọdún 1920, sì bẹ̀rẹ̀ láti f/3.5. Lẹ́ńsì 35 mílímítà, tí ń wo gbàgede, àti ti 90 mílímítà, tí ń fa ohun òkèèrè mọ́ra, lè jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà bí òpin ihò wọn bá ti dọ́gba. Òótọ́ ni pé orúkọ kì í dúró sójú kan, nítorí pé Summarit ti 1949 jẹ́ f/1.5, nígbà tí àwọn Summarit ti 2007 jẹ́ f/2.5. Ènìyàn ni ó ń yan orúkọ, ṣùgbọ́n òpin fífẹ̀ wà lára lẹ́ńsì fúnra rẹ̀, yálà a dárúkọ rẹ̀ tàbí a kò dárúkọ rẹ̀.

Ìlànà yìí bá èrò Aristotle mu, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì tí ó kú ní 322 ṣáájú ìbí Kristi. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó dá lórí ojú ọ̀run, ó ní ohun tí ó pọ̀ jù lọ tí agbára kan lè ṣe ni ó yẹ kí a fi júwe rẹ̀: ẹni tí ó lè gbé ẹrù ọgọ́rùn-ún tálẹ́ńtì (ìwọ̀n ìwúwo ayé àtijọ́) lè gbé èyí tí ó kéré sí i pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ni a ó dárúkọ, nítorí pé kékeré wà nínú ńlá, ńlá kò sì sí nínú kékeré. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a lè fún Summilux pọ̀ dé f/2.8 kí ó gba ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí Elmarit ń gbà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí a lè gbà mú Elmarit fẹ̀ dé f/1.4.

Àwọn onímọ̀ ìlú Megara kò gba irú èrò yìí, nítorí pé lójú tiwọn, ohun kan kì í ní agbára àyàfi ní àkókò tí ó bá ń lò ó, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá kọ́lé lọ́wọ́ kò ní agbára ilé kíkọ́. Aristotle ta kò wọ́n nínú ìwé kẹsàn-án Metaphysics, ó sì ya ìlèṣe, tí í ṣe agbára tí ó wà nílẹ̀ de iṣẹ́, sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣe, tí í ṣe agbára tí ó ti di iṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà yóò máa fọ́jú, yóò sì máa ríran, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kan. Summilux tí ó wà ní f/8 nínú oòrùn ọ̀sán, tí ihò rẹ̀ kò sì ṣí tán láti àárọ̀ dalẹ́, kò tìtorí èyí kúrò nínú ìdílé rẹ̀.

Síbẹ̀, ìlànà náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ó rọrùn láti ka èyí tí ó fẹ̀ jù sí èyí tí ó dára jù. Ihò tí ó ṣí tán wúlò nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kìkì ìwọ̀nba díẹ̀ níwájú kámẹ́rà ni yóò hàn kedere, tí ojú ènìyàn lè mọ́ ketekete kí etí rẹ̀ sì ṣú bàìbàì. Gíláàsì ńlá tí ó gbà á máa ń wúwo, ó sì máa ń wọ́nwó. Àwòrán ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì sì túbọ̀ ń mọ́ bí a bá fún ihò pọ̀ díẹ̀. Bí a bá sì fún un pọ̀ jù, dé f/16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ihò tóóró kọjá a máa tàn ká, a sì dín mímọ́ àwòrán kù.

Thomas Aquinas (nǹkan bí 1225–1274), àlùfáà Kátólíìkì àti onímọ̀ nípa Ọlọ́run, mú ọ̀rọ̀ Aristotle wọ inú ẹ̀kọ́ ìwà rere. Nínú ìwé rẹ̀, Summa Theologiae, ó gbà pé òpin agbára ni a fi ń mọ ìwà rere, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òpin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì jẹ́ rere, nítorí pé àbùkù ni gbogbo ibi, àbùkù sì jẹ́ àìlera. Ohun tí a lè rí dì mú níbẹ̀ ni pé kí a tó fi òpin wọn ohun kan, ó yẹ kí a béèrè pé agbára wo ni òpin náà jẹ́ tirẹ̀. Agbára láti gba ìmọ́lẹ̀ ni orúkọ Summilux ń sọ. Agbára láti gbé àwòrán tí ó péye jáde, èyí tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe lẹ́ńsì, ní òpin tirẹ̀ tí orúkọ kò sọ. Nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn pẹ̀lú, ẹni tí ẹ̀bùn rẹ̀ tayọ kò pàdánù oyè rẹ̀ nígbà tí ó bá sinmi, ṣùgbọ́n oyè náà kò tíì sọ bóyá ó jẹ́ ẹni rere, nítorí pé ohun tí ènìyàn yàn láti fi ẹ̀bùn ṣe ni ẹjọ́ rẹ̀ dá lé.