Bí Ẹkùn Bá Wà Nínú Agbo Ńkọ́?



Bóyá la fi rí ẹnì kan nínú wa tó dàgbà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ tàbí Èmùré tí kò ṣe eré ẹkùn mẹ́ran rí. Àwọn ọmọ á di ọwọ́ ara wọn mú yí ká, ẹran á wà láàárín, ẹkùn á máa wá ibi tí yóò gbà wọlé. Eré náà ń kọ́ ọmọ pé bí ọwọ́ bá tú, ẹran lọ nìyẹn.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4, àti ọmọkùnrin 1 nínú 10, ni wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ hùwà ipá sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ló sì sábà máa ń ṣe é: aládùúgbò, ìbátan, olùkọ́. Ẹkùn ti wà nínú agbo.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. A ti kọ́ ọmọ láti kúnlẹ̀, láti dọ̀bálẹ̀, kó má ja àgbà níyàn. Ṣé a ó tún wá kọ́ ọ láti kọ̀ fún àgbà? Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé a ó sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ní ààlà. Kí ọmọ kí àgbà, kó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀wọ̀ nìyẹn. Àgbà tó bá na ọwọ́ sí ìhòòhò ọmọ ti ba ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi eré kọ́ wọn. Kí ọmọ ya àwòrán ènìyàn sílẹ̀, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ bo ibi tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kí a pe orúkọ ibẹ̀ fún un láìtijú. Ohun tí ọmọ kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Lálẹ́, bí a bá ń pàlọ́, kí a bi í pé: "Bí ẹnì kan bá fún ọ ní súìtì, tó ní kí o má sọ fún màmá ńkọ́?" Kó dáhùn pé: "N ó kọ̀, n ó sá, n ó sọ."

Síbẹ̀, eré kò lè mú kí ọmọ ọdún 5 borí géńdé. Ẹran kọ́ ló ń di agbo mú, àwa tó yí i ká ni. Támárì sọ ohun tí Ámúnónì ṣe sí i. Ábúsálómù ní kó dákẹ́, Dáfídì bínú lásán. Ilé náà kò sì rójú mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Èkìtì náà sì ní òfin tirẹ̀ lórí irú ìwà ipá yìí láti 2011. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbọ́ ohun tí ìyá bá bò mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ẹbí.

Bí ọmọ bá wá sọ, kí a gbà á gbọ́. Kí ọwọ́ wa má tú o.