Ẹni Tí Ó Gbẹ́kẹ̀ Lé Ọlọ́hun A Máa Palẹ̀ Mọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni òní, tí ó sì ni ọ̀la. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, òjò ti dé. Àwa tí a ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí òjò oṣù kẹjọ lè ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì, omíyalé tún dé: afárá wó, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Síbẹ̀, bí a bá ní kí ẹlòmíràn palẹ̀ mọ́, èsì rẹ̀ ni pé: “Àlùfáà, ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹ.” Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ṣé ìgbàgbọ́ ni ó ń sọ ọ́, àbí ọ̀lẹ?

Ẹ wo Ànábì Yūsuf. Ọlọ́hun fi ìtumọ̀ àlá ọba hàn án: ọdún 7 tí oúnjẹ yóò pọ̀, ọdún 7 tí ìyàn yóò mú. Kádàrá ni ìyàn náà, ṣùgbọ́n Yūsuf kò káwọ́ gbera. Ó ní kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ọlọ́hun tí ó kádàrá ìyàn ni ó kádàrá àká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Umar, nígbà tí ó gbọ́ ní ọ̀nà Ṣāmù pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, tí ó darí àwọn ènìyàn rẹ̀ padà. Wọ́n bi í bóyá kádàrá ni ó ń sá fún. Ó fèsì pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan ni òun ti ń lọ sínú òmíràn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ a máa ya oúnjẹ ọdún kan sọ́tọ̀ fún ará ilé rẹ̀. Ó sì pàṣẹ fún ẹni tí ó ní ràkúnmí pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Àwọn àgbà wa náà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ náà lè di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó mọ odi gíga kí àgbàrá lè yà sí ilé aládùúgbò, kò gba ara rẹ̀ là. Ó ta òfò rẹ̀ fún ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó kó epo bẹntiróòlù sínú yàrá nítorí ọ̀wọ́n epo, iná ni ó tọ́jú pamọ́ fún gbogbo àgbàlá. Ẹni tí ó sì kó gààrí pamọ́ kí ó lè wọ́n lọ́jà, Ṣẹ̀ríà kò pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Àwọn ará Aṣ‘arī ni Òjíṣẹ́ yìn. Nígbà tí oúnjẹ wọn bá ń tán lọ, wọn a kó gbogbo èyí tí ó kù jọ sórí aṣọ kan, wọn a sì pín in dọ́gbadọ́gba. Ó ní ara òun ni wọ́n, òun náà sì jẹ́ ara wọn. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní.

Àwa àlùfáà náà ní ẹ̀bi. A máa ń wí fún olófò pé kí ó ṣe sùúrù, bẹ́ẹ̀ a kò sọ fún un, kí òfò tó dé, pé kí ó kó ìdọ̀tí ojú àgbàrá. Mo ń sọ ọ́ lónìí. Ẹ má ṣe da ilẹ̀ sódò. Ẹ tọ́jú omi mímu, oúnjẹ díẹ̀, oògùn àti tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìwé pàtàkì sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sókè. Kí olúkúlùkù sì mọ arúgbó tàbí aláìsàn tí òun yóò gbé jáde ní àdúgbò rẹ̀ bí omi bá dé lóru.

Lẹ́yìn náà, kí a tẹ́wọ́ àdúà. Kí Ọlọ́hun fi ojò yìí ṣe òjò ìbùkún fún wa. Āmín.