Owó Tí Kò Lè Ra Iyọ̀ Mọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀ràn kan wà tí ó ń dà mí láàmú, ó sì yẹ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn fi owó tí ó di asán mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yẹ́ fẹ́ràn láti máa kó owó bébà ayé àtijọ́ jọ. Ó ní ṣílè kan oníbébà ti 1918, èyí tí ìjọba ṣe nígbà ogun Jámánì nítorí pé fàdákà wọ́n. Àwọn baba wa kò fọkàn tán an. Ta ni yóò ri bébà mọ́lẹ̀ tí ikán kò ní jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n èyí tí ó fi dígí bò, tí ó gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀, ni pọ́ùn kan ti Biafra, tí a tẹ̀ ní 1968, tí àwòrán igi ọ̀pẹ àti oòrùn tí ń yọ wà lára rẹ̀. Ó dára ní wíwò, èmi kò lè sẹ́.

Ní ọjọ́ kan, bàbá àgbà kan tí ó jẹ́ oníṣòwò, ọmọ Ìgbò, wọlé, ó rí i, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní àpótí kan irú rẹ̀ ni baba òun ní. Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1970, ogún pọ́ùn péré ni ìjọba san fún ẹni tí ó kó owó Biafra rẹ̀ fún báńkì, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ìlérí ni owó bébà. Owó ẹyọ pàápàá, nígbà tí a kò ná an mọ́, a ṣì ń fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣe ìlérí bá ti lọ, kí ni ó kù nínú bébà? Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀ràn àwọn Ìgbò nìkan ni. Ní oṣù January 1968 ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó Nàìjíríà, ọjọ́ díẹ̀ ni a sì fi sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni tí ó ri tirẹ̀ mọ́ oko ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, tí kò gbọ́ ìròyìn lákòókò, bébà lásán ni yóò hú jáde.

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá sun ún, ta ni yóò mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀?” Mo rò ó títí, mo sì gbà fún un. Kíkó o jọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a rà á ní pọ́ọ́kú lọ́wọ́ opó tí kò mọ iye tí a ń tà á lónìí, àti kí a gbé e kọ́ láìsọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ín rí. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti rí tirẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo tún dé Ọ̀yẹ́, dígí náà ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ó ti lẹ ìwé kékeré kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: àpótí kan irú èyí, ogún pọ́ùn.