Ìgboyà Tí Kò Ní Òǹwòran

Ǹjẹ́ ìgboyà orí pápá àti ti ojú ogun jẹ́ ọ̀kan náà? Ìtàn Nile Kinnick, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà, tan ìmọ́lẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Ní 1939, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman nínú bọ́ọ̀lù irú ti Amẹ́ríkà, èyí tí a ń gbé sáré. Nígbà tí ó gbà á, ó dúpẹ́ pé orí pápá ni òun wà, kì í ṣe ojú ogun Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ogun dé. Ó di awakọ̀ bàálù ìjà fún ọmọ-ogun ojú omi.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, 1943, nígbà tí ó ń fi bàálù dánra wò nítòsí Venezuela, òróró ẹ̀rọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Orí ọkọ̀ Lexington tí ì bá bà lé kún fún bàálù mìíràn. Kinnick yà sójú òkun. A kò rí òkú rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni.

Àwọn àgbà ní akínkanjú tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláṣejù ni òwe náà ń bá wí. Kinnick kò wá ikú. Ó kọ̀ kí ewu tirẹ̀ di ti ẹlòmíràn ni. Lórí pápá, àtẹ́wọ́ a máa ti ènìyàn síwájú. Lójú òkun, ẹ̀rí-ọkàn nìkan ni òǹwòran. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ akọni.