Ọkọ̀ Tí A Fọ̀ Kí A Tó Tà Á

Ẹni tí ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ nílé a sábà máa tẹjú mọ́ ara ọkọ̀ tí aládùúgbò yóò rí, a sì gbàgbé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí epo àti eruku ti dì pọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ara tí ń dán ni ó ń gbé wa dé ibi tí à ń lọ, bí kò ṣe ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí a máa fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti í ṣe é láìṣe ara wa léṣe, lẹ́yìn náà kí a bi ara wa léèrè ìdí tí a fi ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà ń fẹ́ sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, nítorí irin gbígbóná a máa jó ọwọ́, omi tútù sì lè mú kí ó sán. Ẹ gbé ọkọ̀ sí gbangba, kí ẹ sì tú wáyà ẹnu bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ fi ọ̀rá bo bátìrì, àpótí fíúsì, ẹ̀rọ tí ń fún bátìrì ní iná, àti ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ kó ewé gbígbẹ kúrò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ ibi tí epo dì sí. Ẹ má ṣe lo pẹtiróòlù láéláé, bí àwọn kan ti ń ṣe, nítorí ẹ̀ta iná kékeré kan tó láti sọ ọ́ di ìjàǹbá. Omi díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kì í ṣe omi tí ń fi agbára tú jáde, kí ó má bàa wọ inú oríkèé wáyà. Kí gbogbo rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó ṣí ọ̀rá kúrò, kí ẹ sì tó dá wáyà bátìrì padà. Kí omi eléépo náà má sì ṣàn lọ sí kànga ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, ìbéèrè wa rè é. Ọkùnrin kan fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé epo ń jò lára ẹ́ńjìnnì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́ tónítóní. Oníbàárà wò ó, kò rí ẹ̀kán epo kan, ó sanwó. Ọkùnrin náà kò fi ẹnu rẹ̀ purọ́ rárá. Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi?

Àwọn kan yóò wí pé kò jẹ̀bi: ìmọ́tótó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, oníbàárà sì ní ojú. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń bá ìyálọ́jà wí nítorí pé ó nu tòmáàtì rẹ̀ kí ó tó pàtẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi èyí tí ó dára bo èyí tí ó ti jẹrà mọ́lẹ̀ nínú agbọ̀n ńkọ́? Òun náà kò sọ̀rọ̀, agbọ̀n rẹ̀ ni ó bá a purọ́.

Ẹ kíyè sí i: mẹkáníìkì tí ń wá ibi tí epo gbé ń jò a máa kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnnì, kí epo tuntun lè fi ojú ihò hàn. Omi kan náà tí ń tú àṣírí lọ́wọ́ ẹni yìí ni ó ń bo àṣírí lọ́wọ́ ẹni ọ̀hún. Ìyàtọ̀ kò sí nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ọṣẹ. Inú ọkàn ẹni tí ń fọ̀ ni ó wà. Bí ọkùnrin náà yóò bá fara balẹ̀ kí oníbàárà wá lẹ́yìn tí ó ti wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ mọ́. Bí àyà rẹ̀ bá já, ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà.

Kí ni kí ó ṣe? Kí ó fọ ọkọ̀ rẹ̀, kí ó sì na ìka sí ibẹ̀ pé, “Epo ń jò níhìn-ín.” Owó yóò dín, bóyá owó ilé-ìwé ọmọ sì ni, a kò fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n epo tí ń kán sórí irin gbígbóná lè di iná, ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ gbẹ sì lè dákú lójú ọ̀nà òru, pẹ̀lú ọmọ ẹlòmíràn nínú ọkọ̀. Ẹrù wa ni àdánù náà. Kò tọ́ kí a dì í sórí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a máa fọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wa, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n kí a máa fọ̀ ọ́ kí òtítọ́ lè hàn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.